Fẹlá àti orin tó kù sílẹ̀: ta ló yẹ kó parí orin olóògbé?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ. Bí ẹ̀mí bá wá bọ́ ńkọ́, tí iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn sì wà nílẹ̀ láìparí? Bó bá jẹ́ ilé ló kọ́ tí kò tíì kan òrùlé, àwọn ọmọ rẹ̀ á kàn án. Bó bá jẹ́ oko ló dá, àwọn ará ilé á bá a kórè. Orin ńkọ́? Bí olórin bá kú, tí ohùn rẹ̀ ṣì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, tí orin ọ̀hún kò sì tíì jáde, ta ló ní ẹ̀tọ́ láti bá a parí ẹ̀?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn gbajúmọ̀ Èkó nìkan. Ní àdúgbò wa níbí, àwọn ọmọ wa ti ń fi kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ṣe sítúdíò sínú yàrá. Bẹ́ẹ̀ náà la ní àwọn ìdílé tí bàbá wọn kọrin, tó kéwì tàbí tó lùlù lóde àríyá, tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì wà lábẹ́ ibùsùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jọ wo ìgbésí ayé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì lọ́sẹ̀ yìí. Kò sẹ́ni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ nínú wa. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni pé àwọn ẹlòmíràn bá Fẹlá parí orin lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè, àti pé nígbà tó kú, ó fi orin sílẹ̀ tí kò gbé sáwo.

Ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 1938 ni wọ́n bí Fẹlá sí ìlú Abẹ́òkúta. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ni ọ̀gá àgbà ilé ìwé Abẹ́òkúta Grammar School, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, ìyẹn NUT. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ló kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá sòdí tí wọ́n fi kọ̀ láti san owó orí, títí ọ̀rọ̀ náà fi le débi pé Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí ìtẹ́ fún sáà kan lọ́dún 1949. Nínú ilé yẹn, wọn kì í kọ́ ọmọ láti dákẹ́.

Orin náà sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bàbá àgbà Fẹlá, Josiah Jesse Ransome-Kútì, jẹ́ àlùfáà tó ń fi èdè Yorùbá kọ orin ìyìn. Lọ́dún 1922, nígbà tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ àwo Zonophone gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó kú lọ́dún 1930, ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó bí Fẹlá. Èèyàn ṣì lè gbọ́ ohùn bàbá náà dòní, bó ṣe kọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ní 1958, Fẹlá wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ dókítà ni àwọn ẹbí rò pé ó lọ kọ́, bíi ti àwọn ọkùnrin yòókù nínú ilé wọn, Olíkóyè àti Bẹ́kọ̀, tí àwọn méjèèjì di dókítà. Fẹlá kọ̀, ilé ẹ̀kọ́ orin Trinity College of Music ló gbà lọ. Ibẹ̀ ló ti dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Koola Lobitos, ibẹ̀ náà ló ti fẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún, tó bí Yẹni, Fẹ́mi àti Ṣọlá fún un. Nígbà tó padà sílé ní 1963, ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nílé iṣẹ́ rédíò ìjọba, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò sí nínú iṣẹ́ oṣù. Ó ń pa háílàìfù pọ̀ mọ́ jáàsì, kò sì fi bẹ́ẹ̀ tà.

Ọdún 1969 ni ojú rẹ̀ là. Òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì pàdé obìnrin adúláwọ̀ kan ní Los Angeles, Sandra Izsadore, ẹni tó ṣí i lójú sí ìjà àwọn adúláwọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó fi máa padà dé, orin rẹ̀ ti yí padà. Tony Allen ń lu ìlù, ó ń fi ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí onílù mẹ́rin ṣe, Fẹlá sì ń fọn fèrè, ó ń tẹ dùùrù, ó ń fi àdàmọ̀dì òyìnbó àti Yorùbá kọrin kí mẹ̀kúnnù lè gbọ́. Wọ́n pe orin náà ní Afrobeat. Ní 1971, orin rẹ̀ tó ń jẹ́ Jẹun Kó Kú gba ìgboro kan, láti ìgbà náà ni kò sì ti wẹ̀yìn mọ́.

Ó yẹ ká mọ bí Fẹlá ṣe máa ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ilé ijó rẹ̀, Shrine, ni oko rẹ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti gbé orin tuntun jáde, tí yóò máa lù ú lálaalẹ́, tí yóò máa yọ ibi kan kúrò, tí yóò máa fi ibòmíràn kún un, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Òun ló máa sọ ohun tí onígìtá kọ̀ọ̀kan yóò ta, òun ló máa kọ́ àwọn afọnfèrè ní ohun tí wọ́n máa fọn. Bí orin náà bá ti wá jinná, a gbé e lọ sí sítúdíò. Ọjọ́ tí àwo rẹ̀ bá sì ti jáde, ó parí nìyẹn, Fẹlá kì í lù ú lóde mọ́. Àwọn tó bá san owó wọlé láti gbọ́ orin tó ti lókìkí, orin tí wọn kò gbọ́ rí ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Èyí fi hàn pé lójú Fẹlá, orin ní ìgbà tó ń dàgbà, ó sì ní ìgbà tó parí. Òun nìkan ló sì máa ń sọ pé ó tó.

Àwa náà mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Orin Zombie, tó fi bú àwọn ṣọ́jà ní 1976, bí wọn nínú. Ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1977, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ṣọ́jà ya wọ ilé rẹ̀ tó pè ní Kalakuta Republic l'Ékòó. Wọ́n lu èèyàn, wọ́n sọ ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Ìyá náà kú ní ọjọ́ 13, oṣù kẹrin, ọdún 1978. Ohun kan tún jóná lọ́jọ́ náà tí àwọn èèyàn kì í sábà rántí: ohùn àti orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ fún fíìmù nípa ayé Fẹlá, The Black President. Fíìmù náà kò jáde bó ṣe yẹ kó jáde títí tó fi kú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn láìparí, iná ló sì gbà á.

Ìgbà kejì ló kan àwọn pirodúsà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, lábẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Buhari, wọ́n mú Fẹlá ní pápákọ̀ òfurufú Èkó bó ṣe ń lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ ṣeré. Ẹ̀sùn owó pọ́n-ùn 1,600 ni wọ́n fi kàn án, pé ó fẹ́ gbé e jáde láìgba àṣẹ. Ilé ẹjọ́ ológun dá ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún fún un. Ó wà ní ẹ̀wọ̀n l'Ékòó, wọ́n tún gbé e wá sí apá Òkè Ọya wa níbí, sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Maiduguri. Amnesty International kéde pé nítorí ohun tó gbà gbọ́ ni wọ́n ṣe tì í mọ́lé.

Kó tó wẹ̀wọ̀n, ó ti gba orin kan sílẹ̀, Army Arrangement, tó sọ̀rọ̀ nípa ìdìbò ọdún 1979 àti bílíọ̀nù 2.8 náírà owó epo tí àwọn èèyàn ń pariwo pé ó sọnù. Ilé iṣẹ́ àwo tó ń jẹ́ Celluloid fẹ́ gbé e jáde fún ọjà òkè òkun, Fẹlá sì wà nínú ẹ̀wọ̀n. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún pirodúsà Amẹ́ríkà kan, Bill Laswell. Ó gé lára orin náà, ó pe Sly Dunbar láti Jàmáíkà kó wá lu ìlù ẹ̀rọ sí i, ó pe Bernie Worrell kó tẹ dùùrù. Gbajúmọ̀ ni gbogbo wọn nídìí iṣẹ́ wọn, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ní ibi lọ́kàn. Wọ́n fẹ́ kí orin náà bá ìgbà mu, kí orúkọ ọkùnrin náà má sì parẹ́ nítorí pé ó wà lẹ́wọ̀n. Ní 1985, àwo náà jáde.

Nígbà tí Fẹlá gbọ́ ọ nínú ẹ̀wọ̀n, inú rẹ̀ kò dùn rárá. Ó rí i pé wọ́n ti fọwọ́ kan ohun tí wọn kò bá òun sọ. Àwa tí a ń gbélé ayé lónìí, ẹ jẹ́ ká ronú sí i. Ọkùnrin yìí ní ẹnu láti fi sọ pé òun kò fẹ́, torí pé ó wà láàyè. Bó bá jẹ́ pé ó ti kú ńkọ́? Gbogbo ayé ì bá máa sọ pé àwọn pirodúsà ṣe òkú lóore ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Fẹlá kò fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun dá sí iṣẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1986, lẹ́yìn tí ìjọba ti yí padà, wọ́n tú u sílẹ̀. Nínú ọdún yẹn kan náà, Wally Badarou, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Benin, ló jẹ́ pirodúsà fún àwo Teacher Don't Teach Me Nonsense. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Fẹlá ti kúrò lẹ́wọ̀n, ó wà lójú iṣẹ́ ara rẹ̀, ó lè sọ pé ẹ fi èyí sí i, ẹ yọ tọ̀hún kúrò. Ọwọ́ àjèjì kò burú nínú orin. Ohun tó burú ni kí onílé má sí nílé, kí àlejò máa tún yàrá rẹ̀ tò.

Lẹ́yìn èyí, Fẹlá ṣe Beasts of No Nation ní 1989, ó sì ṣe Underground System ní 1992, èyí tó fi rántí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Thomas Sankara, olórí Burkina Faso tí wọ́n pa ní 1987. Àwo tuntun tó gbé jáde kẹ́yìn nìyẹn. Orin kò tán lẹ́nu rẹ̀ o. Àwọn tó ń lọ sí Shrine lẹ́yìn 1992 gbọ́ orin tuntun níbẹ̀, bíi Clear Road for Jagbajagba, Chop and Clean Mouth Like Nothing Happened, àti Condom, Scallywag and Scatter. Ó ń lù wọ́n lálaalẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ kò gbé wọn sáwo. Àìsàn ti wọlé. Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹjọ, ọdún 1997, Fẹlá kú lẹ́ni ọdún 58. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, ló jáde sí gbangba tó sọ fún ayé pé àrùn éèdì ló pa á. Ìgboyà ńlá nìyẹn nígbà náà, torí pé ọ̀pọ̀ ni kò gbà pé àrùn náà wà.

N kò ní sọ pé gbogbo ìwà Fẹlá ló dára. Ó fẹ́ obìnrin 27 lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní 1978, ó ń fa igbó ní gbangba, ọ̀pọ̀ òbí nínú wa kò sì ní fẹ́ kí ọmọ wọn fi í ṣe àwòkọ́ṣe lórí ìyẹn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ sí Tafawa Balewa Square l'Ékòó, èrò tó jáde kò ṣeé kà. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ti lọ.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí orin náà? Ọmọ rẹ̀ Ṣeun, ọmọ ọdún 14, bọ́ síwájú ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀, Egypt 80, pẹ̀lú àwọn àgbà olórin bíi Lekan Animashaun tí gbogbo èèyàn ń pè ní Baba Ani, ẹni tó ti wà pẹ̀lú Fẹlá láti ayé Koola Lobitos. Wọ́n ń lu orin Fẹlá lójú agbo pẹ̀lú ohùn ara wọn, wọn kò sọ pé Fẹlá ló ń kọ ọ́. Ní 2012, wọ́n gbé orin kan jáde tí Fẹlá lù ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà ní 1986. Bó ṣe lù ú lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣe gbé e jáde, gígùn rẹ̀ àti ariwo èrò inú rẹ̀, ọjọ́ àti ìlú sì wà lára àwo náà kí olùgbọ́ lè mọ ohun tó ń rà.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, Tony Allen tó lu ìlù fún Fẹlá ló fi hàn wá. Ní 2010, òun àti Hugh Masekela, afọnfèrè South Africa tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Fẹlá, bẹ̀rẹ̀ orin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn kò parí ẹ̀. Masekela kú ní oṣù kìíní ọdún 2018. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Allen àti pirodúsà Nick Gold gbé iṣẹ́ náà jáde látinú àpótí, wọ́n parí ẹ̀, ó sì jáde ní oṣù kẹta ọdún 2020 pẹ̀lú orúkọ Rejoice. Ẹni tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ló parí ẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Allen fúnra rẹ̀ kú ní Paris. Ìlù tó ti lù sílẹ̀ ni àwọn pirodúsà rẹ̀ fi parí àwo There Is No End, tó jáde ní 2021. Ẹ sì gbọ́ èyí, ẹ̀yin ará Minna: lára àwọn tó sọ̀rọ̀ sórí ìlù náà ni Ben Okri, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí sí ìlú Minna wa níbí ní 1959.

Àmọ́ bó ṣe ń dára náà ló ń bàjẹ́. Michael Jackson kú ní 2009. Ní 2010, àwo kan jáde tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kan fárígá pé orin mẹ́ta nínú rẹ̀ kì í ṣe ohùn rẹ̀, wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́. Ẹjọ́ náà falẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún, ní 2022 sì ni wọ́n yọ orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lóde òní, kọ̀ǹpútà lè sín ohùn èèyàn jẹ, kó sì mú òkú kọ ohun tí kò rò rí. Bí àwa kò bá ṣọ́ra, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ á gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀, tí kò sì ní mọ̀ bóyá bàbá òun ló sọ ọ́.

Èyí ló mú kí n sọ fún ẹ̀yin ìdílé tí kásẹ́ẹ̀tì olóògbé wà lọ́wọ́ yín pé kí ẹ má fi í sílẹ̀ kí ooru àti eruku Minna jẹ ẹ́ tán. Ẹ kọ́kọ́ gbà á sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe wà, kí ẹ kọ orúkọ, ọdún àti ibi tí wọ́n ti gbà á sí i lára, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Bí ọ̀dọ́ kan bá wá sọ pé òun fẹ́ parí ẹ̀, kí ẹbí jókòó, kí wọ́n fi àdéhùn sínú ìwé. Òfin wà lẹ́yìn yín: òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tí Nàìjíríà ṣe ní 2022 sọ pé ẹ̀tọ́ orin wà fún ẹni tó kọ ọ́ àti àwọn ajogún rẹ̀ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú. Ti Fẹlá kò ní tán títí ọdún 2067 fi máa parí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ onísítúdíò, mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ẹ wá àwọn tó bá olóògbé náà lùlù rí, kí wọ́n jókòó tì yín. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àwo pé ibi báyìí ni ohùn olóògbé, ibi báyìí lẹ fi kún un. Bí kò bá sì sí ẹni tó mọ bó ṣe fẹ́ kó rí, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Àwo bàbá àgbà Fẹlá ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sẹ́ni tó fi ìlù kún un, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń ṣiyè méjì pé òun ló kọ ọ́.

Àwọn baba wa tó kọ́kọ́ wọ rélùwéè wá sí ìlú yìí fi ohùn wọn sílẹ̀ fún wa, torí pé ohùn ni kò wúwo lẹ́rù arìnrìn-àjò. Ẹ má jẹ́ kó sọnù mọ́ wa lọ́wọ́, ẹ má sì jẹ́ ká fi irọ́ lù ú. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún àwọn tó ti lọ, kó sì fún àwa tó kù ní ẹ̀mí láti parí tiwa fúnra wa. Àmín.